Eyín ló ń ro yín, àbí ohun mìíràn ló ń fi eyín bojú? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ

Ẹni tí eyín ń ro lóru kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé. Kí wọ́n ṣáà yọ ọ́ kúrò ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eyín tí kò ṣẹ̀ ṣe ń kúrò lẹ́nu. Wọ́n yọ ọ̀kan, ìrora kò lọ. Wọ́n yọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìrora ṣì ń bẹ níbẹ̀. Ìgbà tí wọn yóò fi mọ̀ pé imú, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, iṣan ojú tàbí ọkàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀, eyín méjì mẹ́ta ti lọ, eyín àgbà kì í sì í hù padà.

Ìrora náà kì í ṣe irọ́. Iṣan ìmọ̀lára ńlá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, trigeminal ni àwọn dókítà ń pè é, ó sì pín sí ẹ̀ka mẹ́ta. Òun kan náà ló ń gbọ́ fún eyín, fún inú imú, fún ẹran tí a fi ń jẹun, fún awọ ojú àti iwájú orí. Gbogbo wọn ń gba ojú ọ̀nà kan wọ ọpọlọ, ọpọlọ sì lè ṣi ẹni tó kan ilẹ̀kùn mọ̀. Ọkàn jìnnà sí ẹnu, síbẹ̀ ìròyìn rẹ̀ máa ń pàdé ti àgbọ̀n lójú ọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹnu eyín fúnra rẹ̀

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó lo oògùn ìrora, nítorí paracetamol tí ẹ lò ní wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn lè bo èsì mọ́lẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ mú díńgí àti tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ẹ wò bóyá ihò wà, bóyá eyín kan ti là, bóyá kókó kékeré tó ń ṣọyún wà lára ẹran ìdí eyín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń ro. Ẹni tí eyín rẹ̀ wú nínú lè má mọ èyí tó jẹ́ lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń lọ, ìka á máa bọ́ sórí eyín kan. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà gbogbo ti ń sọ nǹkan kan fún wa.

Ó kan yìnyín. Ẹ fọ́ díẹ̀ lára píọ̀-wọ́tà tó ti dì, ẹ wé e sínú òwú, ẹ nu eyín gbẹ, kí ẹ fi kàn án. Ojúgbà rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kàn, kí ẹ lè mọ bí eyín tó yá ṣe ń ṣe. Eyín tó yá á gbọ́ òtútù, á sì dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ bá gbé yìnyín kúrò. Bí ìrora bá ń bá a lọ ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, ẹran inú eyín náà ti wú. Bí kò bá gbọ́ òtútù rárá, ṣùgbọ́n tí ewédú gbígbóná ń mú un pariwo, ó ń kú lọ ni. Ti eyín ni méjèèjì, dókítà eyín ló ni yín.

Ìkẹta ni kíkàn. Ẹ fi ìdí ṣíbí tíì kan eyín kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò dùn yín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á kọ́kọ́ kan èyí tó ń ro wọ́n, ara á ti bẹ̀rù, gbogbo eyín yòókù á wá dà bíi pé wọ́n ń dùn. Eyín kan ṣoṣo tó bá ké ní tòótọ́ ni ẹ ń wá. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ léra lókè bá ké bákan náà, ẹ ronú kan imú.

Àyẹ̀wò tó lágbára jù lọ wà lọ́wọ́ dókítà eyín: abẹ́rẹ́ tó ń mú ibẹ̀ kú. Bí ètè àti eyín bá ti kú tipiri, tí ìrora ṣì wà bó ṣe wà, orísun rẹ̀ kò sí nínú eyín yẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá pa ìrora ni eyín jẹ̀bi. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti iṣan ojú, abẹ́rẹ́ lè mú ibi tí ìrora ti máa ń tàn kú, ohun gbogbo á sì dákẹ́ fún wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, àfi kí èsì abẹ́rẹ́, yìnyín àti X-ray bára mu.

| | Bó ṣe ń ro | Ohun tó ń jí i | Ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ rí |
|---|---|---|---|
| Eyín gan-an | Ó ń lù kì-kì-kì, ó ń jí ènìyàn lójú oorun | Òtútù, gbígbóná, ohun dídùn, jíjẹ lórí eyín kan | Dókítà eyín |
| Imú | Ó wúwo, eyín òkè ẹ̀yìn bíi mélòó kan lápapọ̀ | Bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, fífò | Dókítà gbogboogbò, tàbí ti etí, imú àti ọ̀fun |
| Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ | Ó ń fà, ó ń rẹ ẹnu, òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló ń le jù | Jíjẹ ohun líle, yíyán | Dókítà eyín |
| Iṣan ojú | Bí iná mànàmáná tó gbé ènìyàn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ | Ìfọwọ́kàn fẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́, ìfọyín | Dókítà ọpọlọ àti iṣan |
| Ọkàn | Ó ń fún, ó ń jó, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ | Gígun òkè, iṣẹ́ agbára | Dókítà ọkàn lọ́sẹ̀ náà; bí kò bá lọ pẹ̀lú ìsinmi, ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀ |

Eyín òkè ẹ̀yìn: akokoro tàbí imú?

Gbòǹgbò eyín òkè ẹ̀yìn ń gbé nísàlẹ̀ ihò ńlá tó wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tí a ń pè ní sáínọ́ọ̀sì. Lára ènìyàn mìíràn, egungun tó pín wọn níyà kò nípọn ju bébà lọ. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo Ìbàdàn láti Òjóò dé Challenge, tí imú dí, tí ihò yẹn sì kún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ̀ mọ́ eyín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú bàtà nílẹ̀, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wúwo, tí eyín òkè sì ń lù, imú ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ tún gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ sì jẹ́ kó já bọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan; bí eyín òkè bá tún lù, imú náà ni. Òfin kan wà tí kì í yẹ̀: sáínọ́ọ̀sì yìí kì í mú eyín ìsàlẹ̀ ro. Bí ìsàlẹ̀ ló ń ro yín, ẹ fi imú sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ ti kòkòrò fáírọ́ọ̀sì, á sì lọ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ampiclox tí ẹ rà ní kẹ́míìsì kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ imú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́: ẹ se píọ̀-wọ́tà kan, 50 sẹ̀ntilítà, títí yóò fi hó dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ po iyọ̀ ṣíbí tíì kan tí kò kún mọ́ ọn. Bí iyọ̀ bá kéré jù tàbí pọ̀ jù, imú á ta yín, ẹ ó sì rò pé kò dára fún yín. Omi tí ẹ kò sè kò gbọdọ̀ wọ imú, nítorí àwọn ẹ̀dá kan wà nínú omi tí wọn kì í ṣe nǹkan kan nínú ikùn, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè gba imú dé ọpọlọ. Fún ìrora, hóró paracetamol méjì ti 500 miligíráàmù ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Oògùn kíkán tó ń ṣí imú lójú ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Tó bá pẹ́ jù, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí imú.

Ẹ lọ rí dókítà bó bá ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, bó bá ti fẹ́ lọ tó tún padà le, tàbí bí ibà ńlá bá bá a rìn, tí ojú sì wú. Ẹ kíyè sí ọ̀ràn tó yí padà: ihò imú kan ṣoṣo tó ń rùn, tó ń dà bí ọyún, lẹ́nu ẹni tó ní eyín òkè tó ti kú tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Níbẹ̀, eyín ló ń ba imú jẹ́. Ẹ máa fọ imú títí ọdún yóò fi yí, kò ní lọ àfi kí wọ́n tọ́jú eyín náà.

Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tí kò sẹ́ni tó ń fura sí

Ẹ gbé ìka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, lókè igun àgbọ̀n, kí ẹ sì pa eyín pọ̀. Ohun líle tó dìde lábẹ́ ìka yín ni ẹran ìjẹun. Ẹ tú ẹnu sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ ẹran náà bí ẹni ń tẹ tòmátì wò lọ́jà Bódìjà, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10. Ẹ rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá dé ibì kan tí ìrora eyín yẹn gan-an bá jí, ẹ ti rí olè. Ẹ ṣe bákan náà ní ẹ̀bátí. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń ránṣẹ́ sí eyín ẹ̀yìn lókè àti nísàlẹ̀; ti ẹ̀bátí ń ránṣẹ́ sí eyín òkè nìkan. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré kò tó, ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Àwo àmàlà dára láti fi ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àmàlà gbígbóná àti gbẹ̀gìrì kò nílò jíjẹ, gbígbé ni. Eyín tó wú nínú á ké nítorí gbígbóná. Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ní ṣe bí ẹni gbọ́. Nígbà tí ẹ bá kan ṣàkì, ọ̀rọ̀ á yí padà: ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro, á sì máa le sí i bí ẹ ti ń jẹ ẹ́ lọ.

Ìpayínkeke lójú oorun ló ń fà á jù, àti dídi eyín mú lọ́sàn-án nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Ìwó Road. Ẹni tó bá jí láàárọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti rẹ̀, tí orí eyín rẹ̀ sì ti pẹlẹbẹ, mọ ohun tí à ń wí. Eyín tí wọ́n dí tó ga díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ náà lè dá a sílẹ̀, fífá díẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ á sì parí ọ̀rọ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ méjì tó kéré tán, ó sì gba sùúrù. Ẹ fi obì, orógbó, gúgúrú, ìrèké, egungun àti ṣíńgọ́ọ̀mù sílẹ̀; ẹ má fi eyín ṣí ìgò. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Tí ẹ bá fẹ́ yán, ẹ fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n ró. Kí ètè pàdé, kí eyín má pàdé: ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù, nítorí ẹ ó gbàgbé. Ibuprofen 400 miligíráàmù lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ń ran ni lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì wálẹ̀, tàbí aláboyún. Bí ẹnu kò bá lè gba ìka yín mẹ́ta lóròó, tàbí tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí ìyàtọ̀, dókítà eyín lè ṣe ìbòrí eyín tí ẹ ó máa fi sùn.

Iná tó ń gbé ojú

Èyí, ìrora iṣan ojú, ń gba eyín púpọ̀ lẹ́nu ènìyàn, ó sì dùn wá púpọ̀, nítorí ìrora rẹ̀ le débi pé aláìsàn fúnra rẹ̀ á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ eyín. Ẹ wo ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà láti Agodi Gate, tó fi áńkáṣíìfù bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan nínú oòrùn. Ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀: apá kan mọ́, apá kejì ti hù, nítorí abẹ kò lè kan ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, bó bá bọ́jú, bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, iná á gbé e láti ètè dé eyín, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́. Ó tún lè wá ní ìgbà púpọ̀ lóòjọ́. Ẹni tó ju ọmọ ọdún 50 lọ ló ń ṣe jù, obìnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju ọkùnrin lọ.

Òun àti eyín tó là ló jọra jù lọ, nítorí méjèèjì ló ń gún ni fìrì. Ẹ jẹ orí orín tó ti rọ̀ pẹ̀lú eyín kọ̀ọ̀kan. Eyín tó là máa ń ké nígbà tí ẹ bá jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, pàápàá nígbà tí ẹ bá tú u sílẹ̀. Iṣan ojú kò dúró de kí ẹ jẹ nǹkan kan. Ìka tó kan ètè fẹ́rẹ́ ti tó. Ìyàtọ̀ mìíràn: eyín wíwú ń jí ènìyàn lóru, iṣan ojú kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Paracetamol kì í sì í ràn án.

Nítorí bó ṣe ń bọ̀ lójijì, àwọn kan á ní ọfà ni wọ́n ta. Ohun tí wọ́n sábà máa ń rí ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń fara gbá ìdí iṣan ìmọ̀lára náà nítòsí ọpọlọ, títí aṣọ tó bò ó fi bó. Carbamazepine, oògùn tí wọ́n ń lò fún wárápá, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: 100 miligíráàmù lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kí dókítà tó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má rà á fúnra yín. Ó ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó ń dín agbára oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kù, ó sì ń mú òòyì wá bí wọ́n bá tètè fi kún un. Bí ara bá sú, tí ẹnu ń bó tàbí ibà dé, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹni tí kò tíì pé 40, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú tipiri, nílò MRI, àwòrán inú orí, kíákíá, nítorí ó lè ní ohun mìíràn nínú. Bí oògùn kò bá kápá rẹ̀, iṣẹ́ abẹ wà, Ìbàdàn kò sì ṣàjèjì sí i: láti 1962 tí Latunde Odeku, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti dé UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti ń lọ níbẹ̀.

Àgbọ̀n tó ń ro lórí òkè

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá ń ro yín nígbà tí ẹ ń gun òkè Màpó, tó sì ń lọ tí ẹ bá jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, eyín kọ́. Eyín kò mọ òkè yàtọ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ apá òsì, ó sì lè jẹ́ ọ̀tún òun òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà lè má dùn rárá, pàápàá lára obìnrin àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ lọ fún àyẹ̀wò ọkàn lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Bí ìrora bá dé tí kò lọ pẹ̀lú ìsinmi, tí òógùn tútù ń bọ̀, tí mímí ń nira tàbí èébì ń gbé yín, ẹ jẹ aspirin 300 miligíráàmù lẹ́nu, ìyẹn hóró mẹ́rin ti 75, àfi bó bá máa ń bá ara yín jà tàbí ọgbẹ́ inú yín ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ẹlòmíràn sì wà yín lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì.

Àwọn tó kù

Túúlu lè jókòó sí eyín òkè: ó ń lù fún wákàtí 4 sí 72, ìmọ́lẹ̀ kò bá a lára mu, èébì ń bá a rìn. Shingles náà lè fi ìrora eyín ṣáájú fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí rorẹ́ olómi tó yọ sí apá ojú kan; oògùn acyclovir ní láti bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72 tí rorẹ́ bá yọ, bó bá sì sún mọ́ ojú, dókítà ojú lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ní eyín tó ń ro láìní ihò kankan, nítorí ẹ̀jẹ̀ dí lọ́nà nínú eyín tàbí nínú egungun àgbọ̀n. Ẹ sọ fún dókítà eyín pé SS ni yín kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí àgbọ̀n àti ètè ìsàlẹ̀ bá kú tipiri, ẹ má dúró nílé.

Ọmọ kékeré tí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì láìtíì tó àkókò, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń wú kíákíá: ẹ má ra àgbo akokoro fún un. Jẹjẹrẹ Burkitt máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lágbègbè wa, ó lè ga ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ oògùn dáadáa bí a bá tètè débẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà.

Ìrora tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ eyín tàbí wẹ gbòǹgbò rẹ̀ yẹ kí ó lọ. Bó bá ń wá lójoojúmọ́ fún ju oṣù mẹ́ta lọ, tí X-ray mọ́ tónítóní, iṣan ìmọ̀lára ló ti kọ́ bí a ṣe ń ro, kò sì fẹ́ gbàgbé. Yíyọ eyín mìíràn ló ń mú un burú sí i. Amitriptyline 10 miligíráàmù lálẹ́ ni dókítà sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, á sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn. Òun náà ni wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kékeré yìí ń tu iṣan ìmọ̀lára lójú ni. Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n ní orí yín ló dàrú.

Lórí àga dókítà

Ẹ kọ ìrora ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀: aago tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, ohun tí ẹ ń ṣe, oògùn tí ẹ lò àti bóyá ó gbọ́. Ẹ mú gbogbo X-ray àtijọ́ dání, pẹ̀lú páálí oògùn yín. Kí wọ́n tó yọ eyín tí kò ní ihò, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: eyín wo ni, kí ló fi hàn pé òun ni, ṣé ó gbọ́ yìnyín, ṣé abẹ́rẹ́ pa ìrora náà? Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ má fi omi bátìrì, pẹtiróòlù tàbí aspirin tí ẹ lọ̀ sídìí eyín. Wọ́n ń jó ẹran ẹnu ni, ọgbẹ́ wọn á sì dá kún ìrora tí à ń wá ojú rẹ̀. Bí abẹ́ àgbọ̀n bá sì wú, tí ẹ kò lè gbé itọ́ mì tàbí la ẹnu, ẹ pa ìwé ìfiwéra yìí tì, kí ẹ kọjá sí ẹ̀ka pàjáwìrì nísinsìnyí.